Ewúrẹ́, Búrẹ́dì àti Òkun

Àwọn ọ̀rẹ́ tí ó rí àwòrán ìyá mi létí òkun, níbi tí ó jókòó sí lórí àga rọ́bà pẹ̀lú gèlè lórí, ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ó gbé ará Ìjan-Èkìtì, tí òkun jìnnà sí tó bẹ́ẹ̀, dé erékùṣù ní Àgbádárìgì nínú oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ìdáhùn mi kò gùn: ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa ni, àti búrẹ́dì tí kò tíì di búrẹ́dì tí ó lọ jẹ. Ẹ fara balẹ̀, n óò rò ó fún yín bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé n kò mọ búrẹ́dì í ṣe. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, iyán ni wọ́n fi tọ́ mi. Bí ẹ bá jí mi lóru tí ẹ ní kí n gún iyán tí kò ní kókó fún ogún ènìyàn, ibi tí odó wà nìkan ni n óò béèrè. Iyán kì í fi ohunkóhun pa mọ́ fún ẹni tí ń gún un. Bí kókó bá wà níbẹ̀, ojú rẹ yóò rí i, ìwọ yóò sì tún gbé ọmọ odó sókè. Kéèkì àti búrẹ́dì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ yóò pò ó, ìwọ yóò dé e mọ́nú ooru, ìwọ yóò dúró síta bí ọmọ iléèwé tí ń retí èsì ìdánwò, nígbà tí o bá sì fi máa ṣí i, ohun tí ó bàjẹ́ ti bàjẹ́ tán.

Ìgbà tí àkọ́bí mi obìnrin pé ọdún mẹ́tàlá ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀. Owó tí àwọn oníkéèkì pè fún mi ní Adó kì í ṣe ohun tí olùkọ́ lè gbọ́ kí ó má wá ìjókòó. Mo ní a ó ṣe é fúnra wa. Mo rántí ọgbọ́n tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ nígbà èwe: a ó da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá, a ó gbé e ka iná, a ó gbé páànù kéèkì lé iyanrìn náà lórí, a ó dé e, a ó sì kó ẹyin iná sórí ọmọrí rẹ̀ kí ooru lè ti òkè àti ìsàlẹ̀ wá. Ọgbọ́n náà dára. Ohun tí n kò rántí ni pé iyanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Ibi tí àwọn tí ń mọ búlọ́ọ̀kù kó iyanrìn wọn jọ sí lẹ́bàá títì ni mo ti bu tèmi, òjò sì ti rọ̀ sí i lóru. Bí ìkòkò ti ń gbóná ni omi inú iyanrìn ń ru sókè bí èéfín, tí ó ń kán padà sínú kéèkì. Òkè rẹ̀ di èédú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ tí kò jinná. Sítóòfù oníkẹrosíìnì ni mo sì lò. Ọmọkùnrin mi, àbíkẹ́yìn wa, jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Mọ́mì, ó dùn o, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí àtùpà.”

Ojú ti ọkọ mi fún mi. Ó lọ ra ààrò kékeré onígáàsì àlòkù ní Adó. Èyí tí mo fi ààrò náà ṣe ni mo fi iyọ̀ sí dípò ṣúgà, nítorí pé nínú agolo kan náà ni mo ń kó àwọn méjèèjì sí, tí n kò sì kọ nǹkan kan sí ara wọn. Ọjọ́ náà gan-an ni àgbàlagbà kan láti ìdílé ọkọ mi yà kí wa. Bàbá náà jẹ tirẹ̀ tán pátápátá, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó béèrè omi. Títí di òní, bí ó bá ń kọjá níwájú ilé wa, yóò kí mi láti òkèèrè ni.

Lẹ́yìn èyí ni mo ní n óò fi kéèkì sílẹ̀, kí n kọ́ búrẹ́dì. Ẹ má béèrè ìdí rẹ̀. Ọbẹ̀ tí ó jóná mọ́ ìyàwó ilé lọ́wọ́ a máa ta á jí ni. Búrẹ́dì kìn-ín-ní kò wú. Ọyẹ́ oṣù kìn-ín-ní mú gidigidi, mo sì rò pé bí mo bá bu omi gbígbóná dà sí ìwúkàrà náà, yóò tètè ṣiṣẹ́. Ìwúkàrà, ohun abẹ̀mí ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ṣúgà, ó ń mí, èémí rẹ̀ ni ó sì ń wú ìyẹ̀fun sókè. Otútù a máa mú un sùn, omi gbígbóná a sì máa pa á kú. Èmi ti se tèmi kí n tó lò ó. Ohun tí mo yọ nínú ààrò le bí ọmọ ọlọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọ fi ń fi í ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí afẹ́fẹ́ má bàa gbá a dé.

Nínú oṣù kẹrin, ooru ti padà. Mo fi ìlọ́po méjì ìwúkàrà sí i, mo pò ó nírọ̀lẹ́, mo gbé e sínú abọ́ ńlá, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí atẹ́gùn díẹ̀ wà. Mo sùn. Ní òwúrọ̀, aṣọ náà wà nílẹ̀, abọ́ ti dojú dé, ewúrẹ́ sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ikùn rẹ̀ le bí ìlù.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Opó ni ó ni ewúrẹ́ náà, obìnrin tí ilé rẹ̀ kò ju ìgbésẹ̀ ogún sí tiwa. Lára rẹ̀ ni ó ti fẹ́ rí owó iléèwé ọmọ rẹ̀. Ó wá, ó káwọ́ lérí, kò sọ pé mo jẹ̀bi. Ìyẹn ni ó burú jù. Ìyẹ̀fun tútù tí ó ní ìwúkàrà nínú, bí ó bá wọ inú ẹran, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni yóò tún ti máa wú. Ó lè pa á kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìyá mi ni ó gbà wá. Ilé bàbá mi kò jìnnà sí tiwa, igbe tí àwọn ọmọ ké ni ó gbọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ó ti ọ̀pá bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wo ewúrẹ́, ó wo abọ́, ó ní kí n lọ gbé epo pupa wá. Ó ní kí ọkọ mi gbé ẹsẹ̀ iwájú ẹran náà lé orí àkàsọ̀ kí orí rẹ̀ lè ga ju ìdí lọ. Wọ́n rọra da epo sí i lẹ́nu láti inú ìgò, díẹ̀díẹ̀, kí ó má bàa sá pá a lórí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ra ìhà òsì ikùn rẹ̀. A ń fà á rìn, a ń dá a dúró, a tún ń ra á. Ó ti ń di ọ̀sán gangan kí ewúrẹ́ náà tó gùn fẹ̀ẹ̀ẹ̀, bí àgbà ìjòyè tí ó yó níbi ìnáwó. Gbogbo agboolé hó yèè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Nígbà tí àwọn yòókù ń yọ̀ yí ewúrẹ́ ká, mo rí i tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà. Ó já ìyókù ìyẹ̀fun kan, ó fi ìka mẹ́rin fà á tínrín, ó gbé e sókè kọjú sí oòrùn. Ó ya. “Omi rẹ̀ pọ̀ jù,” ni ó wí. “O kò sì pò ó tó.” Lẹ́yìn náà ni ó yára lọ bomi fọ ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tí ó ṣèèṣì fọwọ́ kan èèwọ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé onibúrẹ́dì ni ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Ìjan, àwọn tí ó dàgbà tó láti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ kí Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó yà kúrò lára Oǹdó ní ọdún 1996, wọn yóò sọ fún yín. Ní ọdún 1971 ni bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, mọ ààrò amọ̀ ńlá kan sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó rí bí òkìtì ọ̀gán. Èkó ni ó ti lọ kọ́ṣẹ́. Ní alẹ́ ni wọn yóò kó igi sínú ààrò náà, wọn yóò dáná sí i títí amọ̀ yóò fi gbóná dénú. Wọn yóò wá gbá ẹyin iná àti eérú kúrò, wọn yóò fi àpò tútù nu ilẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi yóò fọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i. Bí ìyẹ̀fun náà bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun síbẹ̀, ooru ti kú. Bí ó bá rọra pọ́n bí èèpo ẹ̀pà, ó tó. Wọn yóò fi ọ̀pá gígùn ti páànù búrẹ́dì wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì fi irin dí ẹnu ààrò. Òórùn búrẹ́dì náà ni ó máa ń jí wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọbìnrin ti gbé àtẹ, wọ́n ti dé ibi tí ọkọ̀ tí ń ti Adó lọ sí Ìkàrẹ́ ti ń dúró, àwọn mìíràn ti lọ sí Ìlúọmọba.

Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé ará erékùṣù ni ó kọ́ wa ní búrẹ́dì. Ẹni tí ó ní lọ́kàn ni Amos Shackleford, ará Jamáíkà, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, tí ó sì dá iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ yan búrẹ́dì níbẹ̀. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí ó ti ilẹ̀ Brazil bọ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe búrẹ́dì. Bàbá mi kò mọ̀ ọ́n rí, nítorí pé ọkùnrin náà ti kú ní ọdún 1954, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ròyìn rẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n jọ jẹun ni. Ó tún máa ń ròyìn òkun. Ní Bar Beach ni ó ti rí i. Nígbà tí ìyá mi béèrè pé báwo ni ó ṣe rí, ó ní, “Ó rí bí ìyẹ̀fun tí ń wú tí kì í sinmi.” Ó ṣèlérí pé òun yóò mú un lọ wò ó.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1987, ìjọba ológun Babangida fi òfin de kíkó àlìkámà wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 1992 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Èrò wọn ni pé kí a máa jẹ ohun tí a bá gbìn, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àlìkámà tí ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ fà bí rọ́bà kí ó sì gba èémí ìwúkàrà mọ́ra. Kò sí i nínú àgbàdo, kò sí i nínú ẹ̀gẹ́. Ìyá mi gbìyànjú. Ó po láfún mọ́ ọn, ó po àgbàdo lílọ̀ mọ́ ọn. Búrẹ́dì náà ń wó lulẹ̀ bí ògiri tí òjò pa. Kí ọdún náà tó parí, ààrò ti kú. Ó ta àwọn páànù fún owó iléèwé wa. Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé sínú ààrò. Nígbà tí àlìkámà padà dé ní ọdún 1992, àwọn mìíràn tún ààrò wọn dá, ṣùgbọ́n ìyá mi kò dá tirẹ̀. Bàbá mi kú ní ọdún 1994. Ọdún mẹ́tàdínlógójì gbáko ni ìyá mi kò fi fọwọ́ kan ìyẹ̀fun búrẹ́dì, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ nínú àwa ọmọ. A rò pé ó ti sú u ni.

Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ ewúrẹ́, ọmọbìnrin mi bi í léèrè lójú gbogbo wa: “Màmá àgbà, kí ló dé tí ẹ kò kọ́ Mọ́mì?” Ìyá mi dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Kí wọ́n gbé mi lọ rí òkun ná.”

A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi ọkùnrin tí ó wà ní London ti fi àwòrán ìsinmi rẹ̀ ní erékùṣù Tenerife ránṣẹ́ sí wa, òun pẹ̀lú ìyàwó àti awò dúdú lójú, àwọn ọmọ mi sì ń béèrè bóyá Nàìjíríà kò ní erékùṣù ni. Mo ní Èkó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe erékùṣù, ọ̀nà ni ó kún fún ọkọ̀. Mo rántí Tarkwa Bay, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń gbé ni débẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbàgbé bí àwọn ọmọ ogun ojú omi ṣe lé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kúrò nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ọkàn mi kò sì fà síbẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ni ó dárúkọ Gbẹ̀rẹ̀fú, erékùṣù tí ó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun ńlá.

Owó èsúsú mi ni ó gbé wa lọ. Àjà ilé wa tí ń jò ni mo ti fẹ́ fi tún ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń gbàdúrà lé lórí, èmi àti ọkọ mi sì fi ọjọ́ mẹ́ta yan odì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní a lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Mo ní ìyá mi ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì ni ó gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

A gba Adó, a gba Arámọkọ, a já sí Ìta-Awúrẹ́, a gba Iléṣà àti Ifẹ̀, a gba Ìbàdàn, a sùn sílé ìbátan wa kan ní Èkó. N kò ní fi ọ̀nà Àgbádárìgì dá yín lágara. Ẹni tí ó bá ti gba Òkòkòmáíkò kọjá lọ́jọ́ òjò mọ ohun tí ojú wa rí. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1845. Ìyá mi ní òrùlé rẹ̀ dára, ó béèrè ibi tí òkun wà.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní kí ó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ó kọ̀. “Ṣé ẹ̀wù yìí ni yóò bá mi wẹ omi?” Ọmọkùnrin mi ni ó bẹ̀ ẹ́ kí ó tó wọ̀ ọ́, lórí ìró àti bùbá. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí a fi la ọ̀sà kọjá. Láti èbúté erékùṣù náà, ọ̀nà oníyanrìn kan la àárín igi àgbọn kọjá lọ sí òkun. Ọ̀nà náà gan-an ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ láyé àtijọ́. Àwa ń rìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fi alùpùpù rọra gbé ìyá mi. Kànga kan wà ní ojú ọ̀nà náà. Afinimọ̀nà sọ fún wa pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá mi wo inú kànga náà, ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “Ǹ bá ti mu ún, èmi.”

Ojú tì mí. Mo fẹ́ bá a wí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ níbẹ̀, níbi tí ìyà tí ó jẹ àwọn ẹni ẹlẹ́ni kò ṣeé fi wé wàhálà ilé ẹnikẹ́ni. Ó dára pé n kò sọ ọ́.

Kí a tó rí òkun ni a ti gbọ́ ọ. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó bọ́ bàtà, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí a gun òkè iyanrìn tí ó kẹ́yìn, tí gbogbo rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú wa lẹ́ẹ̀kan náà, kò sọ̀rọ̀ rárá. Mo gbé àga rọ́bà kan tí mo háyà fún un. Àwọn ọmọ ti sáré lọ. Ìgbì àkọ́kọ́ gba sálúbàtà ọmọbìnrin mi, ìgbì kejì fi omi kún fóònù ọkọ mi nínú àpò, ìyanrìn sì wọ gbogbo búrẹ́dì tí a rà dání. Ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ìyá mi ní, “Bàbá rẹ parọ́. Kò jọ ìyẹ̀fun rárá.” Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ki ìka bọ omi tí ó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. “Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ta ni ó pò ó?” Mo ní, “Ẹ má wò mí, Màmá, èmi kọ́.”

Ibẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ fún mi. Agolo Ovaltine kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn nígbà náà, tí òun àti bàbá mi ń tọ́jú owó sí. Owó òkun ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kó o jọ, wọ́n sì ti mú ọjọ́ pé ní Kérésìmesì ọdún 1986 ni àwọn yóò lọ sí Èkó. Ìròyìn wá ń jà pé àlìkámà kò ní wọlé mọ́. Bàbá mi ní kí àwọn lọ sí Èkó bí àwọn ti sọ, kí àwọn rí ohun tí àwọn yóò rí. Ìyá mi ni ó ní rárá. Ó ní kí wọ́n fi owó náà ra ìyẹ̀fun pa mọ́ kí ó tó di góòlù. “Mo ní, òkun kò ní sá lọ.” Wọ́n rà á, ó gbówó lórí gan-an, wọ́n tò ó sí yàrá ẹ̀yìn. Òjò ọdún tí ó tẹ̀ lé e jò sí i láti òrùlé. Apá kan dì bí òkúta, kòkòrò jẹ ìyókù. Bàbá mi kò dá a lẹ́bi rí, kò tilẹ̀ dárúkọ òkun mọ́ títí ó fi kú. “Bí mo bá ti fọwọ́ kan ìyẹ̀fun,” ni ó wí, “ohùn ara mi ni mo máa ń gbọ́.”

N kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Mo jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo omi náà síwájú sí i. “Òótọ́ ni pé kò sá lọ,” ni ó wí. “Àwa ni a kò dúró.”

Obìnrin Ògù kan tí ń ta àgbọn wá bá wa. Èdè Ògù ni ó ń sọ, pẹ̀lú Yorùbá díẹ̀. Èdè Èkìtì ni ìyá mi ń sọ, bí ó ti máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá dùn tàbí bí ó bá ń bínú. Èmi ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń nájà, ìka ni wọ́n ń fi ka owó, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dáhùn ara wọn. Àgbọn mẹ́jọ ni ìyá mi rà. Mo ní àgbọn wà ní Adó. Ó ní kì í ṣe irú èyí.

A padà délé ní ọjọ́ Satidé. Òrùlé ti jò sórí àga wa kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí agogo márùn-ún tó lù, mo gbọ́ tí ọ̀pá ń kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ní kí n bu ìyẹ̀fun. Kò fi ọwọ́ kàn án. Ó ní èmi ni n óò pò ó, ojú òun ni òun yóò fi pò ó. Ó ní kí n fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò bí ẹni tí ó fẹ́ wẹ ọmọ ìkókó. Mo pò ó títí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n. “Ṣé ó tó?” “Rárá.” Mo tún pò ó. “Màmá, ṣé ó tó?” “Bi í léèrè.” Mo já díẹ̀, mo fà á tínrín, mo gbé e sókè sí iná, mo rí òjìji ìka mi láti inú rẹ̀, kò sì ya. A rẹ́ àgbọn Àgbádárìgì sí i. A fi aṣọ bò ó, a gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ewúrẹ́ kankan kò lè dé.

Apá òsì búrẹ́dì náà jóná díẹ̀ nítorí pé ààrò onígáàsì yẹn gbóná lápá kan jù. Àwọn ọmọ ti tò yí tábìlì ká. Ìyá mi ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó gba aṣọ ìdáná lọ́wọ́ mi, ó dojú búrẹ́dì náà dé sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ìka kan lu ìdí rẹ̀ kọ́kọ́kọ́, ó sì gbé e súnmọ́ etí.

“Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún,” ni ó wí. “Dá a padà.”